Ẹ Jẹ́ Kí Ara Jí Tán

Bí aago mẹ́rin ìdájí bá ti lù, àdúgbò kì í dákẹ́ mọ́ ní Àgọ́ Palace, ní Okota wa l'Ékòó níbí. Áláàmù fóònù á ké nínú yàrá kan, ti yàrá kejì á gbà á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island ti ń fọwọ́ wá bàtà nínú òkùnkùn, nítorí ó mọ̀ pé tí òun ò bá tètè kọjá ibùdókọ̀ Cele, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá òun. Dẹrẹ́bà danfo ti ń yẹ omi ẹ́ńjìnnì wò. Ìyá tó ń lọ ra tòmátò ní Mile 12 ti ró ìró mọ́dìí. Gbogbo wọn ti dìde. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ti jí?

Mi ò fi ìbéèrè yẹn ṣeré. Àwa ni wọ́n ń pè ní ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire. Kí oòrùn tó yọ, ohun tí a kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ lára ẹnìkejì wa ni bóyá ó jíire. Mo máa ń rò pé àwọn tó fi ìkíni yẹn lé wa lọ́wọ́ mọ ohun kan tí áláàmù ti mú wa gbàgbé, pé jíjí fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ojú lè là kí ọpọlọ má tíì dé. Etí lè ti máa gbọ́ kí imú ṣì wà lójú oorun. Ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má tíì gun orí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ara fi ń kó ara rẹ̀ jọ yìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́, nínú ilé àti lójú pópó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bá yín sọ ọ́, bí ọmọ ìyá ṣe ń bá ọmọ ìyá sọ̀rọ̀.

Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn sùn ní àsùnyó fún ọjọ́ mélòó kan, wákàtí mẹ́jọ lóru kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe jí báyìí, wọ́n á gbé ìṣirò lé wọn lọ́wọ́, àròpọ̀ lásán. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kan náà má fojú kan oorun fún wákàtí 26, wọ́n sì tún gbé ìṣirò náà fún wọn. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni wọ́n kùnà jù, àsùnyó ò sì gbà wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ ló burú jù lọ, ó ṣì ń dà wọ́n láàmú títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àjẹkù rẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ títí di wákàtí méjì. Ohun tó fà á ni pé apá ọpọlọ tó ń la ojú wa ló kọ́kọ́ ń jí. Èyí tó wà níwájú orí, tó ń gbé ọ̀rọ̀ wò, tó ń sọ fún ni pé "dúró ná", òun ló ń dé gbẹ̀yìn. Tí èèyàn bá wá jẹ oorun ní gbèsè, tó wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó sì dìde ní mẹ́rin, tirẹ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ìdájí yẹn tún wà lára àkókò tí ara èèyàn ń tutù jù lọ, tí oorun ti ń fi gbogbo agbára di ni mú. Àkókò yẹn gan-an ni Èkó yàn láti dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ òfuurufú kan fún yín. Ní oṣù Kìíní 2011, ọkọ̀ Air Canada kan ń ti Toronto lọ sí Zurich lóru, lókè òkun Atlantic. Igbákejì awakọ̀ ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, òfin iṣẹ́ wọn sì gbà á láyè. Kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú 40, ṣùgbọ́n ó sùn fún ìṣẹ́jú 75. Nígbà tó jí, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 nísàlẹ̀ wọn. Ó wo iwájú, ó rí ìmọ́lẹ̀ kan, ọkàn rẹ̀ ní ọkọ̀ náà nìyẹn. Àgùàlà ló rí. Àwọn àgbà wa ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ti sọ ọ́ di ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gá rẹ̀ tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí ọkọ̀ gidi wá yọ, ó dá a lójú pé orí àwọn ló ń bọ̀ tààrà, ló bá ti ọwọ́ ọkọ̀ síwájú, ọkọ̀ sì dorí kọ ilẹ̀. Ọ̀gá sáré fà á padà. Èèyàn 16 ló fara pa, àwọn tí kò de bẹ́líìtì. Ọkùnrin yẹn ò mutí o, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ ò yé e. Kò tíì jí tán ni.

Ti Mangalore ní Íńdíà ò mọ níbẹ̀. Ní 22 oṣù Karùn-ún 2010, ọkọ̀ Air India Express kan já nígbà tó ń balẹ̀, èèyàn 158 sì kú. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀gá awakọ̀ ti sun èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò náà, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó jí tó fi di pé ó ń gbé ọkọ̀ balẹ̀.

Ọkọ̀ tiwa ò níyẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tírélà ń bẹ lórí márosẹ̀ Oshodi sí Apapa, kòtò sì ń bẹ lọ́nà wa. Ẹni tó la ojú ní mẹ́rin, tó sì wà nídìí ọkọ̀ ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ń fi ojú tó ń rí Àgùàlà wakọ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín ìgbà tí ẹ jí àti ìgbà tí ẹ máa fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹ tan iná, ẹ bọ́jú, ẹ wẹ̀, ẹ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Tíì tàbí kọfí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ìdajì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ilé ni kí ẹ ti mu ún. Ẹ̀yin dẹrẹ́bà wa tí ẹ máa ń fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀ sùn ní gáréèjì nígbà tí ẹ ń dúró de tọ́ọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí oorun náà kọjá ogún ìṣẹ́jú, torí tó bá ti wọra, ìjí rẹ̀ á wúwo. Ẹ̀yin kọ́ńdọ́, ẹ má fọwọ́ gbá ọ̀gá yín lẹ́yìn pé "Ó ti kún, ó yá!" kí ọkọ̀ sì gbéra lójú kan náà. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ná, kó rìn yí ọkọ̀ ká. Èrò tó bá ń kanra nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jẹ́ kó kanra.

Nínú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara, imú ni kí ẹ má fi ṣọ́ ilé lóru. Ní 2004, Mary Carskadon àti Rachel Herz ní Yunifásítì Brown fi òórùn méjì síwájú imú àwọn tó ń sùn. Ìkan jẹ́ òórùn míǹtì, èkejì jẹ́ ti kẹ́míkà kan tó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Lójú kòrókòró, gbogbo wọn ló gbóòórùn méjèèjì. Nígbà tí oorun wọn wọra, míǹtì ò jí ẹnikẹ́ni, èyí tó ń rùn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn jí. Ariwo ló ń jí wọn. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ aládùúgbò pé, "Tí èéfín bá wọlé, mo máa gbóòórùn rẹ̀." Kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé wa níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ẹ̀yìn ilé aládùúgbò lè jẹ́ ojú fèrèsé yín. Ẹ lè pa jẹnẹrétọ̀ tiyín kí ti ẹlòmíràn máa tú sí yín nínú yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í ta ni lójú. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba àyè mọ́ afẹ́fẹ́ rere tí a ń mí símú lọ́wọ́, torí pé bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ohun tó tún jẹ́ kó burú ni pé bó ṣe ń ṣe ni jọ oorun: ara á wúwo, orí á dojú rú, èèyàn á sì fẹ́ sùn sí i.

Nítorí náà, bálíkóńì, kọ́rídọ̀ àti ilé ìdáná, a ò lè ka ọ̀kankan nínú wọn sí ìta. Ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 20 ló yẹ kó wà láàárín jẹnẹrétọ̀ àti fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, tiyín àti ti ẹlòmíràn. Tí àyè ò bá gbà á, ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Mo mọ ooru Èkó, mo sì mọ ẹ̀fọn Okota, ṣùgbọ́n a máa rí òwúrọ̀ sọ̀rọ̀ wọn. Tí ẹ bá jí lóru tí orí ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, tí ẹsẹ̀ ò fẹ́ gbà yín dúró, tí ẹlòmíràn nínú ilé sì ń sọ ohun kan náà, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má sì padà sùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ fi igbe jí àwọn tó kù, ẹ fa ẹni tí kò bá lè rìn jáde. Ẹ má wá aṣọ. Ìta ni kí ẹ ti pe 112 tàbí 767, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn bí ara bá tilẹ̀ ti ń bọ̀ sípò.

Nǹkan mìíràn ń bẹ tí jíjí lójijì máa ń bá wa fà. Wọ́n á mú iná dé ní aago méjì òru, gbogbo àdúgbò á hó "Up NEPA!", àwa náà á sì fò dìde. Ẹnì kan á sáré lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹlòmíràn á ki bọ́ílà bọ inú bókẹ́ẹ̀tì, ẹnì kẹta á na áyọ́ọ̀nù mọ́ ògiri. Ọwọ́ tútù, ẹsẹ̀ lásán, ọpọlọ ṣì wà lórí ìrọ̀rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló kú, baálé ilé á sì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tọ ẹ̀rọ tó ṣì gbóná bí ààrò lọ, tòun ti àbẹ́là lọ́wọ́. Ẹ má ṣe é. Tí epo bá tán lóru, ẹ jẹ́ kó tán. Tí iná bá dé lójijì, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ná, ẹ nu ọwọ́, ẹ wọ sílípáàsì, kí ẹ tó fọwọ́ kan súwíìṣì. Ìkìlọ̀ yìí kan náà ló bá alẹ́ òjò mu ní àwọn òpópónà wa tí omi máa ń wọ̀. Tó bá jẹ́ pé omi tó kan fóòmù ló jí yín, ẹ má ti orí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ sínú rẹ̀ tí iná bá ṣì wà nínú ilé. Ẹ pe ẹni tó wà níbi gbígbẹ kó gé iná kúrò ná.

Ti òùngbẹ òru ńkọ́? Èèyàn á jí, ọ̀fun á gbẹ, á na ọwọ́ sí ike omi àkọ́kọ́ tó bá kàn án, á sì gbé e mì kí ahọ́n àti imú tó sọ fún un pé kẹrosínì ni, tàbí Hypo. Ẹ má bu kẹrosínì, Hypo tàbí ọṣẹ olómi sínú ike tí a fi ń mu omi láé, ìbáà jẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi epo pupa fa èébì, nítorí kẹrosínì tó gba ọ̀nà ọ̀fun padà lè wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ.

Etí nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í fi ibi ìṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, orúkọ ẹni ló sì ń tètè gbọ́. Ní 1960, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe oríṣiríṣi orúkọ sétí àwọn tó sùn, wọ́n sì rí i pé orúkọ onítọ̀hún gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ ń dáhùn jù. Bóyá ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èèyàn má tètè jẹ́ ìpè tó bá gbọ́ lójú oorun. Ní Australia, Dorothy Bruck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé agogo èéfín tó ń ké tín-ín-rín ò rí ọ̀pọ̀ ọmọdé jí, ṣùgbọ́n ohùn ìyá wọn tó ń pe orúkọ wọn jí wọn. Tí ewu bá dé lóru, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa pariwo "Ẹ jáde o!" sí àwọn ọmọ. Ẹ pe kálukú lórúkọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ mú un. Ọmọ tó ti dáhùn "Mà!" tó sì ti dìde dúró lè tún padà lọ dùbúlẹ̀, ẹ̀yin ìyá ti mọ èyí ju dókítà lọ. Ẹ má sì fi àbàrá jí èèyàn, àgbà tàbí ọmọdé. Ẹni tó ta gìrì jí lè ju ẹ̀ṣẹ́ kó tó mọ ẹni tó dúró tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ ọmọ ilé ìwé ní aago márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ fi ìgùnpá wo omi gbígbóná náà, kí ẹ sì tún un wò, nítorí ọmọ náà ń sùn, ẹ̀yin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn.

Ní ti àwọn bàbá àti ìyá wa, ewu tiwọn kì í pariwo. Bàbá tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru láti lọ tọ̀, tó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún un kó má fò dìde. Nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ gẹẹrẹ káàkiri ara. Tí a bá dìde dúró lójijì, á rọ́ lọ sí ẹsẹ̀, orí á fúyẹ́, ojú á ṣú, táìsì tó tutù sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ìbàdí. Kó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kó máa mi ìka ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó tó dìde. Ẹ fi iná kékeré kan sílẹ̀ lọ́nà balùwẹ̀, nísàlẹ̀ ògiri. Iná ńlá tí a tàn lójijì á fọ́ ojú, tí a bá sì tún pa á, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú sí i kí ojú tó tún mọ òkùnkùn dáadáa. Ẹ kó sílíńdà gáàsì kúrò lọ́nà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì mi ló kọ́ mi ní èyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó gba sùúrù. Àwọn kan máa ń jí tí ojú wọn là, tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ìka. Nǹkan wúwo á jókòó lé wọn láyà, òjìji á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ogun òru ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é. Ní 1989, Ohaeri àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà nípa rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sì ní ó ti ṣe òun rí. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ̀wé lórí ogun òru gan-an láàárín Yorùbá, wọ́n sì fi hàn pé àìsàn oorun tí dókítà mọ̀ lè wà nídìí ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń lálàá, ọpọlọ máa ń ti iṣan ara pa kí a má baà fi ẹsẹ̀ sá eré tí a ń sá lójú àlá. Nígbà mìíràn, ojú á jí kí kọ́kọ́rọ́ yẹn tó ṣí. Àlá tó kù nílẹ̀ ló ń di òjìji. Kì í pẹ́, kì í sì í pa ni. Tó bá ṣe yín, ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti mi ìka ẹsẹ̀ kan péré. Ẹ má sùn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ sì san gbèsè oorun yín.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ yín tàbí fi ebi dè é mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n ní ọkọ ọ̀run ló ń bá a jà. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Tí gìrì bá ń mú un lóru, tó ń gé ahọ́n jẹ tàbí tó ń tọ̀ sára, wárápá ló lè jẹ́, oògùn sì wà fún un ní ilé ìwòsàn.

Èmi ti gbé fóònù mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń sùn báyìí. Tó bá kí mi láàárọ̀, á dúró gbọ́ èsì kó tó nà án sí mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jíire?" Mo ní, "Káalẹ́ o." Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ ìbàdí ìró rẹ̀, ó sì padà sí ilé ìdáná.